Bailiff wá sílé mi nítorí owó ìtanràn ọkọ̀ tí n kò mọ̀ nípa rẹ̀: kí ni kí n ṣe?

Ìbéèrè

Ẹ̀yin ará, mo kí yín o. Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni mò ń gbé. Nígbà tí a kó kúrò ní ilé wa àtijọ́ ní ọdún tó kọjá, mo gbàgbé láti yí àdírẹ́sì mi padà lórí ìwé ọkọ̀ ní DVLA, iléeṣẹ́ ìjọba tó ń forúkọ ọkọ̀ sílẹ̀. Lẹ́yìn náà ni àbúrò mi yá ọkọ̀ náà, ó gbé e sí ibi tí kò yẹ, òṣìṣẹ́ ìjọba ìbílẹ̀ sì lẹ ìwé ìtanràn £70 mọ́ gíláàsì rẹ̀. Kò sọ fún mi. Láàárọ̀ àná ni ọkùnrin kan wá kanlẹ̀kùn, ó ní bailiff, ìyẹn òṣìṣẹ́ tó ń gba gbèsè, ni òun, pé owó náà ti lé ní £400, àti pé bí n kò bá san án, òun yóò gbé ọkọ̀ mi lọ. Ojú àwọn ọmọ mi ló ṣe. Ṣé kí n san án? Ṣé wọ́n lè fi mí sẹ́wọ̀n?

Ìdáhùn kìíní

Ẹ pẹ̀lẹ́ o. Ẹ fọkàn balẹ̀ lórí ti ẹ̀wọ̀n: ìtanràn ìgbọ́kọ̀sí tí káńsù (ìjọba ìbílẹ̀) bá fi léni kì í ṣe ẹjọ́ ọ̀daràn. Gbèsè ni, bó sì ṣe ń wú nìyí. Ẹni tó bá tètè san án láàárín ọjọ́ 14 yóò san ìdajì péré. Bí ọjọ́ 28 bá kọjá, káńsù á kọ lẹ́tà sí ẹni tí orúkọ rẹ̀ wà lórí ìwé ọkọ̀, kì í ṣe sí ẹni tó wà á, òun ló fi jẹ́ pé ọ̀rọ̀ àbúrò yín di tiyín. Bí kò bá sí èsì, wọ́n á fi ìdajì owó náà lé e, £70 á di £105, wọ́n á sì lọ forúkọ gbèsè náà sílẹ̀ ní Traffic Enforcement Centre, ẹ̀ka ilé ẹjọ́ tó wà ní Northampton, kí wọ́n tó gba àṣẹ láti fi bailiff ránṣẹ́. Owó bailiff ló wá pọ̀ jù: nígbà tí ètò náà bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 2014, £75 ni ti lẹ́tà àkọ́kọ́, £235 ni ti ìgbà tó bá fẹsẹ̀ wá sílé.

Ẹ má bá bailiff jiyàn lẹ́nu ọ̀nà, nítorí kò lágbára láti fagi lé ìtanràn. Northampton ni kí ẹ kọ̀wé sí. Ẹ fi fọ́ọ̀mù TE9 jẹ́rìí pé lẹ́tà káńsù kò dé ọwọ́ yín, kí ẹ sì fi TE7 ṣàlàyé ìdí tí ẹ fi pẹ́, torí pé ọjọ́ 21 tí òfin yọ̀ǹda ti kọjá. Ọ̀fẹ́ ni méjèèjì. Ẹ fi ẹ̀rí ọjọ́ tí ẹ kó sí ilé tuntun kún un, ẹ má sì parọ́ kankan, nítorí irọ́ inú ìwé ẹ̀rí ilé ẹjọ́ lè sọni sẹ́wọ̀n lóòótọ́.

Ìdáhùn kejì

Òótọ́ ni wọ́n sọ, àmọ́ n kò fẹ́ kí ẹ ní ìrètí tó pọ̀ jù. Irú rẹ̀ ṣẹlẹ̀ sí mi. Káńsù tako ìwé mi, wọ́n ní èmi ni n kò yí àdírẹ́sì padà, bẹ́ẹ̀ sì ni, mo san gbogbo rẹ̀. Bí wọ́n bá gba tiyín pàápàá, ìtanràn náà kò ní parẹ́. Ẹ óò kàn padà sí ìbẹ̀rẹ̀ ni, níbi tí ẹ ti lè san £70 tàbí kí ẹ ṣàròyé. Lónìí gan-an ni kí ẹ yí àdírẹ́sì yẹn padà, torí ìtanràn tirẹ̀ lè tó £1,000.

Ní ti bailiff, ẹ má ṣílẹ̀kùn fún un. Lórí gbèsè báyìí, kò gbọ́dọ̀ fi ipá wọlé yín nígbà tó bá kọ́kọ́ wá, kò gbọ́dọ̀ wọlé bí ó bá jẹ́ ọmọdé nìkan ló wà nílé, kò sì gbọ́dọ̀ wá kí aago mẹ́fà àárọ̀ tó lù tàbí lẹ́yìn aago mẹ́sàn-án alẹ́. Ṣùgbọ́n bí ọ̀kan lára àwọn ọmọ bá ṣílẹ̀kùn nígbà tí ẹ wà nílé tí bailiff sì wọlé wọ́ọ́rọ́wọ́, ọ̀rọ̀ ti yí padà nìyẹn, nítorí náà ẹ bá gbogbo ilé sọ ọ́. Ọkọ̀ tó wà níta ló lè gbé ní tòótọ́, àyàfi bí ó bá jẹ́ ọkọ̀ aláàbọ̀ ara tó ní Blue Badge, káàdì ìgbọ́kọ̀sí àwọn aláàbọ̀ ara.

Oníbèérè

Ẹ ṣeun gan-an ni. Mo ti fi fọ́ọ̀mù méjèèjì ránṣẹ́ láàárọ̀ yìí, mo sì ti yí àdírẹ́sì padà. Mo tún rí lẹ́tà PCN mìíràn láti ọ̀dọ̀ ilé iṣẹ́ aládàáni kan tó ń bójú tó ibi ìgbọ́kọ̀sí. Ṣé ọ̀nà kan náà ni?

Ìdáhùn kìíní

Rárá o. Álífábẹ́ẹ̀tì mẹ́ta PCN yẹn nìkan ló jọra: Penalty Charge Notice ni ti káńsù, Parking Charge Notice ni ti aládàáni. Aládàáni kò lè fi bailiff ránṣẹ́ láìkọ́kọ́ pè yín lẹ́jọ́ kí ó sì jàre, àmọ́ bí ó bá jàre tí ẹ kò sì san láàárín oṣù kan, ìdájọ́ náà yóò dúró nínú àkọsílẹ̀ tí àwọn báńkì ń wò kí wọ́n tó yáni lówó. Ẹ fèsì sí i kí ọjọ́ tí wọ́n kọ sínú lẹ́tà tó pé.