Ẹ̀yin oníṣẹ́ nẹ́tíwọ̀ọ̀kì l'Ábùjá àti òkè Ọya, kí lojú yín ti rí lórí àdírẹ́sì IP, nọ́ńbà tí wọ́n fi ń rí ẹ̀rọ kọ̀ọ̀kan lórí nẹ́tíwọ̀ọ̀kì?

Ọmọ Kúbwà: Ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ sọ èyí tó dà yín láàmú jù.

Ìyá Ìbejì: Príńtà ọ́fíìsì kan ní Garki. Láàárọ̀ á máa tẹ̀wé dáadáa. Tó bá ti ń lọ sí aago mẹ́wàá, kò ní dá ẹnikẹ́ni lóhùn mọ́. Wọ́n pààrọ̀ wáyà, wọ́n pààrọ̀ íńkì, wọ́n ní iná ló ń bà á jẹ́. Mo tẹ arp -a, àṣẹ kọ̀ǹpútà tó ń fi ẹ̀rọ tó ń lo IP kọ̀ọ̀kan hàn, láàárọ̀, mo tún tẹ̀ ẹ́ nígbà tó dákẹ́. 192.168.1.20 kan náà ni, àmọ́ nọ́ńbà MAC (èyí tó ń dá ẹ̀rọ kọ̀ọ̀kan mọ̀) tó wà níwájú ẹ̀ ti yí padà. Wọ́n ti fọwọ́ kọ .20 sínú príńtà, ráútà tó ń pín Wi-Fi sì tún ń fún fóònù ọ̀gá àgbà ní .20 yẹn.

Bàbá Nyanya: Ọ̀gá dé, príńtà panu mọ́ 😂

Abẹ́ Zuma: Ìdí nìyẹn tí kò fi yẹ kéèyàn máa fọwọ́ kọ nọ́ńbà. Ráútà ni kó máa pín gbogbo ẹ̀.

Ìyá Ìbejì: Rárá o, ẹ̀gbọ́n. Ohun tí kì í rìn gbọ́dọ̀ ní ibi tirẹ̀. Ẹ fi .2 dé .50 sílẹ̀ fún príńtà àti kámẹ́rà, kí ráútà máa pín láti .100 lọ sókè.

Abẹ́ Zuma: Ṣebí ráútà lè fi .20 pamọ́ de MAC príńtà? Ẹ̀ẹ̀kan náà lẹ máa ṣe é.

Alájà Sabon Gari: Ẹ gbọ́ tèmi. Mo fẹ́ máa wo kámẹ́rà ṣọ́ọ̀bù mi ní Kano láti Àbújá. Wọ́n ṣí port, ìyẹn ilẹ̀kùn lórí ráútà, kò wọlé. Ráútà ń fi 100.72 hàn níta, Google ní nọ́ńbà mìíràn ni mò ń lò.

Ìyá Ìbejì: CGNAT nìyẹn, bí ilé-iṣẹ́ dátà ṣe ń jẹ́ kí oníbàárà púpọ̀ jọ lo nọ́ńbà ìta kan. Láti 100.64 dé 100.127 ni wọ́n yà sọ́tọ̀ fún un ní 2012. Nọ́ńbà IPv4, irú IP tí à ń sọ yìí, kò ju 4,294,967,296 lọ, IANA, àjọ tó ń bójú tó nọ́ńbà IP lágbàáyé, sì ti pín èyí tó kù lọ́wọ́ rẹ̀ tán fún àwọn alábòójútó agbègbè ní February 2011. Nítorí náà ilé-iṣẹ́ dátà kó ẹ̀yin oníbàárà púpọ̀ sábẹ́ nọ́ńbà kan. Ẹ ti ṣí ilẹ̀kùn yàrá yín, àmọ́ géètì agboolé ò sí lọ́wọ́ yín.

Mìnà Boy: Mi ò gbà. Èmi ń wo kámẹ́rà ilé mi lórí fóònù dáadáa.

Ìyá Ìbejì: Kámẹ́rà yín ló ń jáde lọ bá sáfà (kọ̀ǹpútà) ilé-iṣẹ́ tó ṣe é, fóònù yín náà á sì lọ bá a níbẹ̀. Kò sẹ́ni tó wọlé láti ìta.

Ọmọ Kúbwà: IPv6, irú IP tuntun tí nọ́ńbà ẹ̀ pọ̀ rẹpẹtẹ, ló máa yanjú ẹ̀. Bit 128!

Bàbá Nyanya: Ta ló ń fún yín ní Kúbwà?

Gwarinpa Lodge: Ẹ jọ̀ọ́, 169.254 ni laptop mi ń fi hàn, àmì Wi-Fi sì kún dẹ́nu.

Abẹ́ Zuma: Ráútà ò fún un ní nọ́ńbà ni, ló bá fún ara ẹ̀. Èèyàn mélòó ló wà ní lọ́ọ̀jì yẹn?

Gwarinpa Lodge: Ó kún fọ́fọ́, kálukú pẹ̀lú fóònù méjì.

Abẹ́ Zuma: Ẹ wo ibi tí ráútà ti ń pín nọ́ńbà. Tó bá jẹ́ .100 dé .149, àádọ́ta péré nìyẹn. Ẹ fà á dé .250, kí ẹ sì dín àkókò tó fi ń yá fóònù kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà kù.