Ẹ jọ̀ọ́, báwo ni mo ṣe lè fi ImageMagick gé etí fọ́tò láìgé aṣọ màmá mi mọ́ ọn?

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin tẹ́ ẹ gbọ́ kọ̀ǹpútà. Mo ń fi skánà kó àwọn fọ́tò àtijọ́ màmá mi sórí kọ̀ǹpútà, wọ́n lé ní 300, gbogbo ẹ̀ ló sì ní etí funfun yíká torí fọ́tò ò kún ojú skánà, tí n bá ní kí n máa fọwọ́ gé e lọ́kọ̀ọ̀kan mi ò ní tán an lọ́dún yìí. Ẹnì kan ní kí n lo ImageMagick, ètò kọ̀ǹpútà tí wọ́n ń tẹ àṣẹ fún láti tún àwòrán ṣe, mo bá tẹ eléyìí (-trim ló yẹ kó gé etí tó ní àwọ̀ kan náà kúrò):

magick foto.jpg -trim +repage tuntun.jpg

Kò gé nǹkan kan! Ìgbà tí mo sún fọ́tò yẹn mọ́jú ni mo rí i pé funfun yẹn ò funfun délẹ̀, eruku wà lára dígí, ibòmíì tún pọ́n díẹ̀. Mo fi -fuzz 10% kún un, kó lè ka àwọ̀ tó jọra sí ọ̀kan náà, ó gé òsì, ó fi ọ̀tún sílẹ̀. Mo gbé e sí 25%, ẹ wò ó, ó mọ́ tónítóní, àfi fọ́tò ìgbéyàwó níbi tí léèsì funfun màmá mi ti tẹ́ rẹrẹ láti òsì dé ọ̀tún, ó gé ìsàlẹ̀ aṣọ lọ títí dé orúnkún! Ọpẹ́lọpẹ́ pé mi ò lo àṣẹ mogrify, ìyẹn ì bá ti kọ ọ́ lé fáìlì gangan lórí.

Ṣé kí n kọ́kọ́ fi -shave 20x20 bó etí kúrò ná ni (píksẹ́lì 20 ní ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan), àbí kí n fi páálí dúdú bo ẹ̀yìn fọ́tò kí n fi skánà tún un gbà? Mi ò fẹ́ tún 300 gbà o, ẹ ṣàánú mi.