Ṣéènì Boxer mi ń ké, táńkì ẹ̀ ti ṣá, ẹ gbà mí nímọ̀ràn

Ọmọ Ọ̀ffà Gáréèjì: Ẹ kú ojúmọ́ o ẹ̀yin èèyàn mi. Mo ra ọ̀kadà Boxer àlòkù kan lóṣù tó kọjá, òun ni mo ń gùn lọ síbi iṣẹ́ ní Ọjà Ọba, ẹńjìnì ẹ̀ le dáadáa àmọ́ ṣéènì ń ké kẹ̀rẹ̀kẹ̀rẹ̀ tí n bá ti kó sí gálọ́ọ̀pù, táńkì náà ti ṣá, ó ti ń dípata lábẹ́. Mẹkáníìkì ní kí n ra ṣéènì tuntun. Owó yẹn ò sí. Ṣé n lè fọwọ́ ara mi ṣe é?

Alfa Ọlọ́kadà: Àbúrò, má tíì ra nǹkan kan. Gbé e sórí sítáńdì ńlá, fi ìka ti ṣéènì sókè sódò láàárín, tó bá ń fì ju sẹ̀ǹtímítà 2 sí 3 lọ, ó ti dẹ̀ nìyẹn. Yí táyà kó o wò ó níbi mélòó kan torí ṣéènì àlòkù kì í dẹ̀ dọ́gba, ibi tó le jù ni kó o fi wọ̀n ọ́n. Tú nọ́ọ̀tì táyà ẹ̀yìn, kó o wá yí àjọ́sítà, ìyẹn nọ́ọ̀tì tó ń fa táyà sẹ́yìn, ti ọ̀tún àti tòsì, iye ìlà kan náà o, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ táyà á wọ́. Ibi tí wọ́n ti ń ṣì í rèé: bí táyà bá ti sún sẹ́yìn, ọ̀pá bíréèkì á fà, bíréèkì á máa di táyà mú, wàá wá rò pé ẹńjìnì ló ń rẹ̀. Dẹ bíréèkì náà.

Ìyá Ìbejì: Ẹ kọ́kọ́ fi kẹrosíìnì àti búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín àtijọ́ fọ ṣéènì yẹn, ẹ nù ún gbẹ, kẹ́ ẹ wá kán ọ́ìlì gíà díẹ̀ sí i. Kọ́ńdẹ́ḿ ọ́ìlì, ọ́ìlì ẹńjìnì tí wọ́n ti lò, ni ọkọ tèmi máa ń dà lé tiẹ̀, eruku ọyẹ́ á wá lẹ̀ mọ́ ọn pìtìpìtì, ṣéènì kì í pẹ́ jẹ.

Bọ́bọ́ Ìpátá: Yọ sàláńsà dànù, gbogbo àdúgbò á mọ̀ pé o ti dé 😂

Alfa Ọlọ́kadà: Ẹ má dá a lóhùn. Ó fẹ́ kí àwọn bàbá tó ń kírun ṣépè fún un ni.

Kunkun Òmù-Àrán: Ó ku táńkì. Ẹ fa epo inú ẹ̀ tán, ẹ jìnnà síná, ẹ má ṣe é nínú yàrá. Sáńpépà nọ́ńbà 240 fún ibi tó dípata, nọ́ńbà 600 olómi tẹ̀ lé e, ẹ fọ̀ ọ́ kó gbẹ, ẹ fọ́n pàráímà, ọ̀dà ìpìlẹ̀ nìyẹn, kẹ́ ẹ wá fọ́n síprè fẹ́ẹ́rẹ́ fẹ́ẹ́rẹ́ lẹ́ẹ̀mẹta, tẹ́ ẹ bá kánjú fọ́n ọn nípọn lẹ́ẹ̀kan á ṣàn wálẹ̀ bí omijé ni. Ẹ má fi síprè yẹn kan sàláńsà o, ooru á bó o, tiẹ̀ lọ́tọ̀. Àwọ̀ tó wà nínú pépà ọ̀kadà ni kẹ́ ẹ sì lò, kẹ́ ẹ má báa máa ṣàlàyé fún ọlọ́pàá lójú títì.

Ọmọ Ọ̀ffà Gáréèjì: Ẹ ṣé gan-an ni. Mo ti fún ṣéènì lánàá, kò ké mọ́, àmọ́ mo gbàgbé bíréèkì tí Alfa sọ, kí n tó dé Ọjà Ọba họ́ọ̀bù ẹ̀yìn, àárín táyà níbi tí bíréèkì wà, ti gbóná bí ààrò. Táńkì di ọjọ́ Àìkú. Dúdú ló wù mí, pupa náà ni n ó padà fọ́n.