502 Bad Gateway lẹ́yìn tí mo kó sáìtì aládìrẹ sínú kòńténà, ẹ gbà mí o

Ọmọ_Ìgbọ̀nà

Ẹ̀yin ará, ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ jọ̀ọ́, ọ̀rọ̀ yìí ti fẹ́ kọjá agbára mi. Ìyá kan wà ní Òṣogbo níbí tó ń ta àdìrẹ, èmi ni mò ń bójú tó sáìtì wọn, Django ni mo fi ṣe é, Postgres ló ń tọ́jú àkọsílẹ̀ ọjà àti oníbàárà, gunicorn ló ń gbé Django dìde, nginx wá jókòó síwájú, òun ló ń gba ẹni tó bá ṣí sáìtì, tó ń gbé ìbéèrè ẹ̀ fún gunicorn. Tẹ́lẹ̀ orí sáfà lásán ni gbogbo ẹ̀ wà, ó sì ń ṣiṣẹ́, àmọ́ Python tó wà lórí láptọ̀ọ̀pù mi àti ti orí sáfà kì í bára wọn mu, ohun tó bá ṣiṣẹ́ nílé, tó bá débẹ̀ á yarí, ni mo bá ní kí n kúkú kó gbogbo ẹ̀ sínú Docker, tó máa ń fi ètò kọ̀ọ̀kan sínú àpótí tiẹ̀ (kòńténà) pẹ̀lú ohun tó nílò, kí n sinmi. Ìsinmi wo!

Kòńténà mẹ́ta ni mo ṣe, nginx, web àti db. Tí mo bá tẹ docker compose ps, gbogbo wọn ló ń sọ pé Up, kò sí èyí tó kú, àmọ́ kí n ṣáà ti ṣí sáìtì báyìí, 502 Bad Gateway ló máa gbé kò mí lójú, ìyẹn ni pé nginx ò rí èsì gbà lọ́dọ̀ ẹni tó wà lẹ́yìn ẹ̀. Ohun tí mo kọ fún nginx rèé:

location / {
    proxy_pass http://127.0.0.1:8000;
}

Àṣẹ tó ń gbé web dìde sì rèé:

gunicorn adire.wsgi

Nínú log nginx, ohun tí mò ń rí ni connect() failed (111: Connection refused) while connecting to upstream. Log ti web ní tiẹ̀ mọ́ tónítóní, ó ní Listening at: http://127.0.0.1:8000, kò ráhùn rárá. Ta ló wá ń kọ̀ fún ta?

Ọdún Ọ̀ṣun ń bọ̀ lóṣù kẹjọ, ẹ̀yin náà sì mọ bí ìlú ṣe máa ń rí nígbà yẹn, àlejò á kún fọ́fọ́, òyìnbó tó bá ra aṣọ lọ́wọ́ ìyá yìí, tó bá padà délé á tún fẹ́ ra òmíì lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ìyá ń pè mí láàárọ̀, wọ́n ń pè mí lálẹ́. Ẹ bá mi dá sí i.

Àkàndé_Linux

Àbúrò, fara balẹ̀, kì í ṣe nǹkan tó ń pa èèyàn. 127.0.0.1 yẹn (localhost, ìyẹn ẹ̀rọ fúnra ẹ̀) ló ń dà ẹ́ láàmú, ibi méjì ló sì wà.

Nígbà tí gbogbo ẹ̀ wà lórí sáfà láìsí kòńténà, 127.0.0.1 ti nginx náà ni 127.0.0.1 ti gunicorn. Tó o bá ti kó wọn sínú kòńténà, kálukú ti ní nẹ́tíwọ́ọ̀kì tiẹ̀ nìyẹn, kálukú ti ní localhost tiẹ̀. nginx tó ń wá 127.0.0.1:8000, ara ẹ̀ ló ń wá, kò sì sí nǹkan kan tó ń gbọ́ ní pọ́ọ̀tì 8000 nínú kòńténà nginx, ló fi ń bá ẹ sọ refused. Bí ẹni tó jókòó sínú yàrá tó ń kan ilẹ̀kùn ara ẹ̀, tó wá ń retí kí aládùúgbò dáhùn.

Compose, apá Docker tó ń gbé kòńténà púpọ̀ dìde pọ̀ látinú fáìlì kan, máa ń dá nẹ́tíwọ́ọ̀kì kan sílẹ̀ fún gbogbo service (nginx, web, db) tó wà nínú fáìlì ẹ, orúkọ tó o bá sì fún ọ̀kọ̀ọ̀kan níbẹ̀ ni wọ́n fi ń pe ara wọn, Docker ní DNS kan ní 127.0.0.11 tó ń bá wọn wá ẹni tó ni orúkọ. Orúkọ ni kó o lò:

location / {
    proxy_pass http://web:8000;
    proxy_set_header Host $host;
    proxy_set_header X-Forwarded-For $proxy_add_x_forwarded_for;
    proxy_set_header X-Forwarded-Proto $scheme;
}

Ìdajì nìyẹn o. Gunicorn náà, tó ò bá sọ nǹkan kan fún un, 127.0.0.1:8000 ló máa ń jókòó tì, ohun tí log ẹ ń sọ gan-an nìyẹn tó o rò pé ó mọ́. Nginx á mọ ọ̀nà débẹ̀ lóòótọ́, gunicorn ò kàn ní dá ẹnikẹ́ni tó bá ti ìta kòńténà wá lóhùn. Kọ ọ́ báyìí, 0.0.0.0 ló ń sọ fún un pé kó máa dá ẹni tó bá ti ìta wá náà lóhùn:

gunicorn adire.wsgi --bind 0.0.0.0:8000

Èèyàn púpọ̀ máa ń tún ọ̀kan ṣe kí wọ́n gbàgbé ìkejì, 502 ò ní lọ, wọ́n á wá máa bú Docker. Tó o bá ti ṣe méjèèjì, dán an wò látinú nginx fúnra ẹ̀:

docker compose exec nginx curl -I http://web:8000

Tó bá fún ẹ ní 400, má jẹ̀ẹ́ kó já ẹ láyà, ìròyìn ayọ̀ ni, ó ti dé ọ̀dọ̀ Django, ALLOWED_HOSTS ló ń lé e padà torí orúkọ "web" ò sí lára àwọn orúkọ tó mọ̀. Ìdí tí mo ṣe fi Host $host síbẹ̀ nìyẹn. Láìsí i, web:8000 ni nginx máa gbé fún Django bí orúkọ sáìtì, 502 á lọ, 400 á gbapò ẹ̀.

Bàbá_Òkèfìà

Mo kí gbogbo yín. Àlàyé Àkàndé péye, mi ò ní fi kún un. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ n bi yín léèrè, ṣọ́ọ̀bù kan ṣoṣo, ìyá kan ṣoṣo, sáfà kan ṣoṣo, kí ni Docker wá wá síbẹ̀? Tó bá jẹ́ ìjà Python lásán ni, venv (àyè Python tó dá dúró fún iṣẹ́ kan) ti tó, kí systemd máa gbé gunicorn dìde, ká jẹun ká sùn. Ẹ̀yin ọmọ ìsinsìnyí, tí nǹkan bá ṣáà ti lórúkọ, ẹ ti gbé e. Mi ò ní kó o yọ ọ́ o, o ti kó wọlé ná.

Ohun tó ń jẹ mí lọ́kàn ni èyí tó ò fi hàn wá. Wo fáìlì compose ẹ lábẹ́ db, ṣé ports: "5432:5432" wà níbẹ̀? Àwọn àpẹẹrẹ tí ẹ máa ń dà kọ kiri, púpọ̀ nínú wọn ló ní in. Tó bá wà níbẹ̀, gbogbo ayé ló lè dé ọ̀dọ̀ Postgres ẹ nìyẹn, páswọọ̀dù nìkan ló kù láàárín ẹ̀yin àti wọn. Má sì sọ fún mi pé ufw (ògiri ààbò sáfà) wà. Docker ń kọ òfin tiẹ̀ sínú iptables fúnra ẹ̀, pọ́ọ̀tì tó o bá ṣí bẹ́ẹ̀ á gba ẹ̀gbẹ́ ufw kọjá, ufw status á sì máa sọ fún ẹ pé gbogbo ẹ̀ wà ní títì. Yọ ọ́ kúrò pátápátá. web ò nílò ẹ̀, inú nẹ́tíwọ́ọ̀kì kan náà ni wọ́n wà, db:5432 ló máa pè. Tó bá di dandan kó o wọ db látorí láptọ̀ọ̀pù, kọ ọ́ ní "127.0.0.1:5432:5432" kó o wá gba SSH wọlé. nginx nìkan ló yẹ kó ṣí nǹkan sí ìta, 80 àti 443.

Àbẹ̀ní_Kóòdù

Bàbá, ẹ ṣé gan-an fún ti ufw yẹn, ó pọ̀ lẹ́ni tí ò mọ̀. Ti venv ni mo fẹ́ fi tẹ̀ríntẹ̀rín ta kò yín lé lórí. Dọ́là la fi ń san owó sáfà, ẹ sì mọ bí dọ́là ṣe ń ṣe wá. Ọjọ́ tí owó yẹn bá wọ́n kọjá ohun tí ìyá lè san, ọmọ yìí máa ní láti kó lọ sọ́dọ̀ ẹlòmíì, venv ò sì ní bá a gbé nginx, kò ní bá a gbé Postgres, ó máa tún jókòó máa to gbogbo ẹ̀ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Pẹ̀lú compose, ó fi Docker sórí sáfà tuntun, ó gbé fáìlì ẹ̀ àti àkọsílẹ̀ ẹ̀ dé, ó parí. Èmi ò rí i bí fáàrí.

Ọmọ_Ìgbọ̀nà, ọ̀rọ̀ dátà ní tèmi. Má ṣe kọ́ image (àwòṣe tí kòńténà ń jáde látinú ẹ̀) sórí láptọ̀ọ̀pù kó o wá máa fi dátà fóònù ẹ tì í lọ sókè, tí iná bá tún wá lọ láàárín ẹ̀, o ti wọ gbèsè. Gbé kóòdù ẹ lọ sí git, wọ sáfà, git pull, kó o ṣe docker compose up -d --build níbẹ̀, dátà sáfà ló máa jẹ, kì í ṣe tìẹ. Kó o sì bẹ̀rẹ̀ látorí python:3.12-slim, python:3.12 lásán yẹn tó bá tú sílẹ̀ tán, ó tó nǹkan bíi 1GB. Nínú Dockerfile (fáìlì tó ń sọ bí wọ́n ṣe máa kọ́ image), requirements ni kó kọ́kọ́ wọlé kí kóòdù tó tẹ̀ lé e:

COPY requirements.txt .
RUN pip install --no-cache-dir -r requirements.txt
COPY . .

Tó o bá kó gbogbo ẹ̀ wọlé lẹ́ẹ̀kan náà, bó o bá yí àmì ìdánudúró kan ṣoṣo padà nínú kóòdù, pip á tún bẹ̀rẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀.

Ọmọ_Ìgbọ̀nà

Ó ti ṣí o!!! Bọ̀ọ̀dá Àkàndé, Ọlọ́run á bù kún yín. curl yẹn fún mi ní 400 bí ẹ ṣe wí gẹ́lẹ́. Bàbá, mo ti yọ 5432.

Ṣùgbọ́n wàhálà mìíràn ti yọjú. CSS ò sí mọ́, sáìtì wà ní ìhòòhò, ìyá ní ta ló bọ́ aṣọ lára ọjà òun. Wọ́n tún gbìyànjú láti gbé àwòrán aṣọ sókè látorí fóònù wọn, 413 Request Entity Too Large. Èyí tó wá yà mí lẹ́nu jù ni pé mo tún web kọ́ díẹ̀ báyìí, 502 padà dé, mo restart nginx ó lọ, kí nìyẹn?

Àkàndé_Linux

413 kò le. nginx ò ní gba ohun tó bá ju 1MB lọ àyàfi tó o bá sọ fún un, àwòrán fóònù ìsinsìnyí sì ju bẹ́ẹ̀ lọ dáadáa. Kọ client_max_body_size 10m; sínú server.

502 tó padà dé yẹn, nginx máa ń béèrè ibi tí "web" wà lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo nígbà tó bá ń dìde, á wá di àdírẹ́sì yẹn mú. Tó o bá tún web kọ́, kòńténà tuntun ni, ó lè gba àdírẹ́sì mìíràn, nginx á ṣì máa lọ sí ti àtijọ́. Àwọn kan máa ń kọ resolver 127.0.0.11 valid=10s; kí wọ́n tún fi orúkọ web sínú variable kó lè máa béèrè léraléra. Fún ìwọ, lẹ́yìn gbogbo àtúnṣe ṣáà tẹ docker compose exec nginx nginx -s reload, ó ti tó.

Àbẹ̀ní_Kóòdù

Èmi ni mo máa dáhùn ti CSS. Tí DEBUG bá ti di False, Django ò ní pín static (CSS àti irú ẹ̀) mọ́, nginx ló yẹ kó pín in, àmọ́ inú kòńténà web ni fáìlì yẹn wà, nginx ò sì lè rí inú ibẹ̀. Èèyàn lè fún àwọn méjèèjì ní volume kan náà, ìyẹn àyè ìpamọ́ tí kì í bá kòńténà lọ. Pàkúté kan wà níbẹ̀ o, Docker máa ń da ohun tó wà nínú image sínú volume kìkì nígbà tí volume bá ṣófo. Tó o bá ṣe collectstatic (àṣẹ Django tó ń kó static jọ síbi kan) nínú Dockerfile, CSS àkọ́kọ́ á wọlé, èyí tó o bá tún ṣe lọ́la ò ní wọlé láé, wàá máa tún un ṣe wàá máa wo ti àtijọ́. Ìgbà tí web bá ń dìde ni kí collectstatic ṣẹlẹ̀, ṣáájú gunicorn. Fún ṣọ́ọ̀bù kékeré, èmi á kúkú lo WhiteNoise, kí Django máa pín static fúnra ẹ̀, volume yẹn ò ní pọn dandan mọ́.

Ṣùgbọ́n àwòrán tí ìyá ń gbé sókè kì í ṣe static, media ni, WhiteNoise ò bá wọn da nǹkan pọ̀. MEDIA_ROOT gbọ́dọ̀ wà nínú volume, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ọjọ́ tó o bá tún web kọ́ ni gbogbo àwòrán àdìrẹ yẹn máa pòórá, orúkọ wọn á ṣì wà nínú db. Gbé volume náà fún nginx pẹ̀lú, kíkà nìkan:

volumes:
  - media:/media:ro

location /media/ {
    alias /media/;
}

Àmì / tó wà lẹ́yìn méjèèjì yẹn, má yọ ọ̀kan kó o fi ìkejì sílẹ̀.

Bàbá_Òkèfìà

Ẹ ti sọ̀rọ̀ volume, ẹ ò sọ ohun tó ń pa á. docker compose down ò ní fọwọ́ kàn án. docker compose down -v á gbé db lọ, á gbé media lọ, kò sì ní bi ẹ́ léèrè kó tó ṣe é. Ẹ̀dà lo nílò, òní lo sì nílò ẹ̀:

docker compose exec -T db pg_dump -U adire adire > adire.sql

Fa fáìlì yẹn wá sí láptọ̀ọ̀pù, má fi sílẹ̀ lórí sáfà kan náà. Kó àwòrán náà mọ́ ọn.

Ọmọ_Ìgbọ̀nà

Ẹ ṣé Bàbá. Ṣé ọ̀sẹ̀ ọ̀sẹ̀ ni kí n máa ṣe é? Kí sì ni -T yẹn ń ṣe?

Bàbá_Òkèfìà

Alaalẹ́. Cron ló máa ṣe é, kì í ṣe ìwọ. Cron ò ní tẹ́mínà, exec sì máa ń fẹ́ tẹ́mínà, -T ló ń sọ fún un pé kó má wá a.