Ìtàn ìpànìyàn fún àwọn ọ̀dọ́: báwo lẹ ṣe ń kà á kó má baà dàrú mọ́ wọn lójú?

Alákọ̀wé Ìbàrà:
Ẹ kú ojúmọ́ o, ẹ̀yin ará wa. Ẹgbẹ́ òǹkàwé kan níbí l'Abẹ́òkúta fẹ́ ka ìtàn ìpànìyàn tí wọ́n kọ fún àwọn ọmọ ọdún 13 sí 16. Ọmọ 8 ni wọ́n, ẹ̀dà ìwé 4 ló wà, ìwé náà tó ojú ìwé 300, ọ̀sẹ̀ mẹ́rin la sì ní. Wàhálà ibẹ̀ ni pé orúkọ inú ìwé pọ̀. Ẹni tó bá sì ti yọjú wo ẹ̀yìn ìwé á máa tú àṣírí fáwọn yòókù. Bí wọ́n bá tún kà á tán, "ó dùn" nìkan ni wọ́n ń rí sọ. Ẹ gbà wá nímọ̀ràn.

Ọmọ Ṣódẹkẹ́:
Ẹ kúuṣẹ́. Ọmọ méjì sí ẹ̀dà kan, ìwé àjákọ kan láàárín wọn: ọ̀kan ń kà sókè, èkejì ń kọ, kí wọ́n sì máa pààrọ̀ ní orí kọ̀ọ̀kan. Ẹ fa ìlà sí òpó márùn-ún: orúkọ afurasí, ohun tó wà láàárín òun àti olóògbé, ibi tó ní òun wà lásìkò tí wọ́n pa á, ẹni tó jẹ́rìí sí i, àti ojú ìwé tí ọ̀rọ̀ náà wà. Òpó tó kẹ́yìn yẹn làwọn ọmọ máa ń fò, òun gan-an sì ni kókó. Tí kò bá sí i, ọjọ́ tí àríyànjiyàn bá dé, ẹni tí ohùn rẹ̀ bá ròkè jù ló máa borí.

Ẹ má yọ ẹni tó ń sọ ìtàn sílẹ̀ o. Tó bá jẹ́ "èmi" ló ń ròyìn, àwọn ọmọ kì í kà á mọ́ afurasí. Òǹkọ̀wé sì mọ̀ bẹ́ẹ̀.

Ní ti ẹ̀yìn ìwé, ẹ̀yin ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ kà á tán. Ẹ wá ibi tí ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ ti ní òun ti mọ apànìyàn, tí kò sì tíì dárúkọ. Nínú ìwé olójú ìwé 300, ó sábà máa ń bọ́ sí nǹkan bí ojú ìwé 240 sí 260. Láti ibẹ̀ lọ, ẹ fi bébà bò ó, kẹ́ ẹ fi rọ́bà dè é. Kẹ́ ẹ tó tú u, kí kálukú kọ ẹni tó fura sí, ìdí, ọ̀nà tó gbà ṣe é, àti ojú ìwé mẹ́ta tó gbè é lẹ́sẹ̀, kó sì sọ ọ́ sínú agolo.

Aládìrẹ Ìtòkú:
Mo fara mọ́ ọn, àmọ́ ẹ kọ́kọ́ kọ́ wọn bí wọ́n ṣe ń wọn ẹ̀rí. Ẹ bi wọ́n pé: obìnrin kan sọ fún ọlọ́pàá pé òun ò dé Ìtòkú, ọjà aládìrẹ, lánàá, ṣùgbọ́n aró wà ní èékánná rẹ̀. Ṣé irọ́ ló ń pa? Gbogbo wọn á pariwo bẹ́ẹ̀ ni. Ẹ wá bi wọ́n pé, aró ọjọ́ wo? Aró kì í tètè ṣí ní èékánná, ó lè jẹ́ ìjẹta ló rẹ aṣọ. Ẹ̀rí yẹn sọ pé ó fọwọ́ kan aró, kò sọ ọjọ́ tó fọwọ́ kàn án. Ibí yìí gan-an làwọn òǹkọ̀wé ti ń tan ọmọ jẹ.

Kí wọ́n má sì fo àwọn ojú ìwé tí wọ́n tẹ̀ bí àtẹ̀jíṣẹ́ fóònù tàbí ọ̀rọ̀ tí ọlọ́pàá gbà sílẹ̀. Aago tó wà lórí àtẹ̀jíṣẹ́ ṣe pàtàkì ju ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ lọ nígbà míì.

Ìwé Kì Í Purọ́:
Àfikún méjì. Lọ́dún 1929, àlùfáà ará Gẹ̀ẹ́sì kan, Ronald Knox, kọ òfin mẹ́wàá fún irú ìtàn yìí. Àkọ́kọ́ ni pé ọ̀daràn gbọ́dọ̀ ti fara hàn níbẹ̀rẹ̀ ìtàn. Nítorí náà, nígbà tẹ́ ẹ bá fi dé ojú ìwé 100, ẹ lè pa àkọsílẹ̀ orúkọ afurasí dé, kẹ́ ẹ má fi kún un mọ́. Àwọn kan láyé òde òní ń rú òfin náà, àmọ́ kò wọ́pọ̀.

Èkejì ni òkú, bó ṣe gan ló ń jẹ́ kẹ́ ẹ fojú bu ìgbà tí wọ́n pa á. Ó sábà máa ń bẹ̀rẹ̀ sí í gan láàárín wákàtí 2 sí 4, àgbọ̀n àti ọrùn ló ń ṣáájú. Tó bá fi máa tó wákàtí 12, gbogbo ara ti le. Ooru ń mú un yára, òtútù ń fà á sẹ́yìn. Bí ìtàn bá wáyé nílùú òtútù, ẹ má fi oòrùn Abẹ́òkúta wọ̀n ọ́n.

Alákọ̀wé Ìbàrà:
Ẹ ṣeun gan-an ni. Ti Yorùbá ńkọ́? Àti pé, ọmọ kan ti ka ẹ̀yìn ìwé yẹn ná o.

Ọmọ Ṣódẹkẹ́:
*Àjà Ló Lẹrù* (1969) ti Ọládẹ̀jọ Òkédìjí dùn dọ́ba, Lápàdé tó ti ṣiṣẹ́ ọlọ́pàá rí ló wà nídìí ìwádìí. Ṣùgbọ́n ìlépa ọ̀daràn ló pọ̀ níbẹ̀ ju "ta ló pa á" lọ, òpó márùn-ún yẹn ò ní fi bẹ́ẹ̀ wúlò. Ẹ wá àwọn ìwé Kọ́lá Akínlàdé, èyí tí Akin Olúṣínà ń ṣe ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́.

Ọmọ tó ti yọjú yẹn, ẹ má lé e. Ẹ fún un ní iṣẹ́ tirẹ̀: kó wá gbogbo ojú ìwé tí òǹkọ̀wé ti ta òǹkàwé lólobó, kó kọ nọ́ńbà wọn sílẹ̀ láìsọ ọ̀rọ̀ kankan. Ọjọ́ tẹ́ ẹ bá tú agolo, nọ́ńbà tirẹ̀ lẹ máa fi wé tàwọn yòókù.