Ṣé kí n rán ọ̀gá jìtá tí mo bi léèrè létí ni, àbí kí n bi ẹlòmíràn?
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin àgbà onijìtá. Okùn tó nípọn jù lára jìtá mi ń kùn bí oyin tí mo bá tẹ̀ ẹ́ lójú irin kẹta lára ọrùn jìtá. Mo kọ́kọ́ sọ fún ọ̀gá kan pé "jìtá mi ò dún dáadáa", ó parí. Wọ́n ní, "Okùn wo? Kí lo ti ṣe sí i?" Ojú tì mí, ẹ̀bi mi ni. Mo ti pààrọ̀ okùn náà, mo yí i títí ó fi bọ́ sí ohùn E, mo sì fi fídíò kékeré ránṣẹ́ sí wọn. Ọjọ́ 4 rèé, wọn ò fèsì. Tí mo bá bi ẹlòmíràn báyìí, ṣé wọn ò ní rò pé mo fojú di àwọn? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú pé ó gùn. Ẹ ṣé, mo dúpẹ́ ṣáájú.